Okùn ṣòkòtò bàbá mi: bí mo ṣe forúkọ sílẹ̀ fún másítáàsì OT lẹ́ẹ̀mejì

Wọ́n ti gbà mí o! Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni íméèlì yẹn wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ alẹ́ ni, mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní Manchester níbí, oorun ti fẹ́ gbé mi lọ, mo ní kí n máa wo fóònù kí n má baà sùn kọjá ibi tí mo ti máa sọ̀ kalẹ̀, bí mo ṣe rí orúkọ yunifásítì yẹn nìyẹn. MSc Occupational Therapy (OT ni wọ́n ń gé e kúrú sí), ọdún méjì, September la máa bẹ̀rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ọkàn mi tó gbà pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì yẹn débi pé ìyá òyìnbó kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na tíṣù sí mi, kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn fún mi ni.

Látìgbà tí mo ti gbé e sórí status ni fóònù mi ò ti sinmi, pàápàá àwọn tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ kẹ́rà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìsàn, gbogbo wọn ló ń bi mí pé kí tiẹ̀ ni OT, báwo ni mo ṣe ṣe é, ṣé ẹni tó ka Microbiology nílé lè kà á. Mo ti fi voice note dáhùn títí ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan, àtèyí tí mo ṣe dáadáa àtèyí tí mo ṣì ṣe.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn kúrò nílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Ábẹ́òkúta pé occupational therapy ni mo fẹ́ kà, ó ní "ṣé àwọn tó ń báni wáṣẹ́ ni?" Kò jẹ̀bi, bí orúkọ yẹn ṣe ń dún létí gbogbo èèyàn nìyẹn. Àmọ́ occupation tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù, ohun gbogbo téèyàn ń fi ọjọ́ ẹ̀ ṣe ni. Kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó se ọbẹ̀, kó wé gèlè, kó lọ sọ́jà, kó gbé ọmọ-ọmọ ẹ̀ pọ̀n. Tí àìsàn tàbí jàǹbá tàbí ọjọ́ ogbó tàbí ìdààmú ọkàn bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ nínú nǹkan wọ̀nyí, OT lẹni tó máa jókòó tì ẹ́ táá bi ẹ́ pé èwo ló ń dùn ẹ́ jù níbẹ̀, tẹ́ ẹ máa jọ wá bó o ṣe máa tún máa ṣe é, ó lè jẹ́ pé ẹ máa yí ọ̀nà tó o ń gbà ṣe é padà, ó lè jẹ́ ilé ni wọ́n máa tún ṣe, ó lè jẹ́ irinṣẹ́ kékeré kan ni wọ́n máa wá fún ẹ. Ẹni tó bá ń dà á pọ̀ mọ́ fisió, fisió ló ń bá ẹ ṣiṣẹ́ kí ẹsẹ̀ lè gbé dáadáa, OT á fẹ́ mọ ibi tó o fẹ́ fi ẹsẹ̀ yẹn rìn lọ.

Bàbá mi ló mú mi débi ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 2019 ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọlù. Ọlọ́run ṣe é, wọn ò kú. Fisió ń wá sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó mọṣẹ́, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn láàárín oṣù mélòó kan, gbogbo ẹbí ń dúpẹ́. Nígbà tí mo délé fún Iléyá ọdún yẹn, mo rí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi lórí fóònù. Bàbá mi ò bá èèyàn jẹun mọ́. Bí oúnjẹ bá ti dé, wọ́n á dìde wọ yàrá, màámi á gbé e tẹ̀ lé wọn, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ọwọ́ òsì ló kù tí wọ́n lè fi jẹ ẹ̀bà, ẹ sì mọ ohun tí ọwọ́ òsì jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bàbá tó jẹ́ pé táwa ọmọ bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò nígbà tá a wà ní kékeré, a máa gbọ́ ọ, Mùsùlùmí tó ń ṣọ́ ọwọ́ tó fi ń ṣe nǹkan látàárọ̀ dalẹ́, kò lè jókòó láàárín àwọn ọmọ ẹ̀ kó máa fi òsì bu òkèlè.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ okùn ṣòkòtò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń so okùn ṣòkòtò dáadáa, ọwọ́ méjì ló ń gbà. Ọwọ́ kan á di etí kan mú, ìkejì á fa ìkejì, wàá kì wọ́n bọ abẹ́ ara wọn, wàá wá fà á le. Màámi ló ń bá wọn so ó láràárọ̀. Ó dáa, tí wọ́n bá wá dé mọ́sálásí ní Jímọ̀h tí ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n ńkọ́? Ta ni wọ́n máa pè? Wọn ò lọ sí Jímọ̀h mọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ṣòkòtò mẹ́rin lọ fún télọ̀ pé kó ki rọ́bà bọ ìbàdí ẹ̀, ó rò pé òun ti tún un ṣe, bàbá mi wò ó, wọ́n ní ṣòkòtò ọmọ iléèwé ni wọ́n rán fáwọn, wọn ò fi kan ara.

Mo padà sí Manchester pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́kàn. Ibi tí mo ti ń ṣe kẹ́rà nígbà yẹn, ibi tí wọ́n ń gbé àwọn arúgbó wá tí wọ́n bá kúrò nílé ìwòsàn kí wọ́n tó padà sílé ara wọn ni. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ ò lágbára mọ́, ọjọ́ kan ni OT ní kó wá po tíì nínú kíṣìnnì kékeré tó wà níbẹ̀. Ìyá yẹn gbé kẹ́túlù, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, mo ti ń sáré lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tórí ohun tí kẹ́rà máa ń ṣe nìyẹn, OT yẹn na ọwọ́ dá mi dúró jẹ́jẹ́. Ó ń wò ó. Ó ń wo ibi tí ọwọ́ ti ń kọ̀, ó ń wo bó ṣe ń dúró, ó ń wo ibi tó ń gbára lé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé irin kan wá tí wọ́n máa ń gbé kẹ́túlù lé, tó jẹ́ pé èèyàn á kàn tẹ̀ ẹ́ síwájú ni omi á dà sínú kọ́ọ̀bù, kò ní gbé kẹ́túlù rárá, ó tún gbé àga gíga kan wá tí ìyá yẹn lè fìdí tì bíi pé ó dúró. Ìyá po tíì fún àwa mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí pé ṣúgà mélòó, ojú ẹ̀ ń dán. Èmi tí mo ti ń po tíì fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó má yọ rọ́bà yẹn, àmọ́ kí télọ̀ rán okùn mọ́ iwájú ẹ̀ bó ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀, kó so ó, kó jẹ́ kí etí ẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Bàbá mi wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀h tó tẹ̀ lé e wọ́n lọ sí mọ́sálásí. Ti oúnjẹ ò rọrùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irinṣẹ́ ló tún un ṣe, alfa àdúgbò tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn la bẹ̀, ó wá sílé, ó jókòó tì wọ́n, ó ní ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ò di ẹrù tí kò lè gbé lé e lórí, ó wá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá káwọn jọ jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ ní pálọ̀. Mi ò sí níbẹ̀, màámi ló sọ fún mi, wọ́n ń sọ ọ́ ni ohùn wọn ń gbọ̀n.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní 2022, mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo èyí sínú personal statement mi, ìyẹn ìwé téèyàn fi ń ṣàlàyé fún iléèwé ìdí tó fi fẹ́ ka kọ́ọ̀sì náà. Mo kọ ọ́ pé mo ní ìfẹ́ láti ran èèyàn lọ́wọ́ láti kékeré, pé mo jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára, pé mo lè bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ orúkọ OT kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi nọ́ọ̀sì rọ́pò ẹ̀, kò sí ohun tó máa yàtọ̀. Wọ́n kọ̀ mí láìpè mí fún íńtáfíù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kejì tí mo ṣe lọ́dún yẹn ló yẹ kí ẹ fi etí sí dáadáa torí owó ni wọ́n fi ń jìyà ẹ̀. Másítáàsì OT oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n pè ní pre-registration ló wà fún ẹni tó ní dìgírì nǹkan mìíràn, òun ló máa sọ ẹ́ di OT. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àwọn tó ti jẹ́ OT tẹ́lẹ̀ ló wà fún, wọ́n fẹ́ fi kún ìmọ̀ wọn ni, tó o bá lọ ka ìyẹn tó o ò jẹ́ OT, wàá gba másítáàsì àmọ́ o ò ní lè ṣiṣẹ́ OT. Orúkọ wọn jọra gan-an. Nínú iléèwé mẹ́ta tí mo kọ̀wé sí lọ́dún yẹn, ọ̀kan jẹ́ irú èyí, mi ò mọ̀ àfìgbà tí wọ́n kọ̀wé padà pé níbo ni nọ́ńbà registration mi wà. Orúkọ "occupational therapist", òfin ló dáàbò bò ó ní UK, àfi kó o forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń bójú tó irú iṣẹ́ yìí, kó o tó lè pe ara ẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n fọwọ́ sí lórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ajẹ́ńtì. Inú kọ́ọ̀sì yẹn ni wàá ti ṣe placement, ìyẹn fífi ojú iṣẹ́ gan-an kọ́ṣẹ́, ó kéré tán wákàtí 1,000, nílé ìwòsàn, nílé àwọn èèyàn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń kà lálẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ò pọ̀. Iléèwé tó pọ̀ ń fẹ́ 2:1 (second class upper), èmi ṣe second class lower, tí wọ́n ń pè ní 2:2 níbí, mo wá àwọn tó ń gba 2:2 pẹ̀lú ìrírí, wọ́n wà. UK ENIC, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkè òkun wò, ló bá mi fi dìgírì mi wé ti ibí. Iléèwé kan gba èsì WAEC Gẹ̀ẹ́sì mi, ìkejì ní àfi IELTS, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó ìdánwò. Transcript ni kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, lónìí yìí tó bá ṣeé ṣe. Tèmi gba oṣù mẹ́jọ láti yunifásítì mi nílé, àbúrò mi lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́fà, wọ́n ní fáìlì ò sí, wọ́n ní ẹni tó ń buwọ́ lù ú lọ sí lífù, mo sì ti sanwó. Ó dùn mí gan-an torí ọmọ tó kàwé ọdún mẹ́rin tó yege, kò yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀ fún èsì ara ẹ̀.

Ọdún kejì ẹ̀ ni mo jókòó kọ statement gidi. Ti UCAS, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún yunifásítì níbí, lẹ́tà 4,000 ni gbogbo ẹ̀, àyè àárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú ẹ̀, kò pọ̀ rárá. (Àwọn iléèwé kan ní fọ́ọ̀mù tiwọn lọ́tọ̀, ẹ wò ó.) Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí: "Ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń so okùn ṣòkòtò bàbá mi." Mo ṣàlàyé okùn, mo ṣàlàyé rọ́bà tí wọ́n kọ̀, mo ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Télọ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ ìbàdí, kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ bàbá mi. Lẹ́yìn ìyẹn mo kọ nípa ìyá tó po tíì, mi ò dárúkọ ẹ̀, mi ò dárúkọ ibẹ̀, ẹ má fi orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ń tọ́jú sínú statement láéláé, kíá ni wọ́n máa fi kọ̀ yín. Mo kọ ohun tí OT yẹn rí tí èmi ò rí. Mo wá kọ̀wé bẹ OT mìíràn pé kó jẹ́ kí n tẹ̀ lé òun fún ọjọ́ méjì, ó gbà, mo rí bí wọ́n ṣe ń wọn ẹnu ọ̀nà ilé àti àtẹ̀gùn kí aláìsàn tó padà sílé, mo fi ìyẹn náà sí i.

Mo tún fi Aro, ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ l'Ábẹ́òkúta, sí i. Ará Abẹ́òkúta ni mí, a ò lè dàgbà níbẹ̀ ká má gbọ́ orúkọ Aro, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bú èèyàn la mọ̀ jù, pé "Aro ló yẹ kí wọ́n gbé ẹ lọ." Ìgbà tí mò ń múra statement yìí ni mo tó jókòó ka ohun tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tiwa, ṣe níbẹ̀ láti 1954. Dípò kó ti àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí ẹbí wọn kan bá wọn wá, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú kí wọ́n sì máa bá àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ oko. Ẹni tó ń kọ ebè láàárọ̀ tó ń bá olóko jẹun lọ́sàn-án, kì í ṣe wèrè inú sẹ́ẹ̀lì mọ́, ó ti di ẹni tó ní nǹkan tó ń ṣe. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò wá kọ́ nǹkan àjèjì, pé wọ́n ti ń ṣe é nítòsí ilé bàbá mi kí wọ́n tó bí mi. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Íńtáfíù pé wákàtí méjì. Wọ́n kó àwa mẹ́fà jọ yí tábìlì ká, wọ́n fún wa ní ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ká jọ sọ ohun tá a máa kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ò wá ẹni tó mọ̀ jù, bí o ṣe ń gbọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò. Àwọn ọmọ yẹn ń sọ ti wheelchair, ti ramp, irinṣẹ́ lóríṣiríṣi, ìgbà tó kàn mí mo ní ṣé a ti bi í ohun tó fẹ́ padà lọ ṣe? Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi wá wò kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn méjì bá mi sọ̀rọ̀ lémi nìkan, wọ́n bi mí ní ìyàtọ̀ OT àti fisió, wọ́n bi mí ohun tí mo máa ṣe tí ẹni tí mò ń tọ́jú bá kọ ìrànlọ́wọ́. Mo ní bàbá mi kọ rọ́bà. Mo sọ ìtàn yẹn tán, obìnrin kejì ní, ìgbà wo ni wọ́n tó padà lọ sí mọ́sálásí? Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó gbọ́ mi.

Owó ńkọ́. Èmi ti ní ILR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé níbí títí lọ, mo sì ti ń gbé níbí láti 2014, owó ọmọ onílé ni màá san, Student Finance, ètò ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, á yá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀. Ní England, NHS Learning Support Fund, owó ìrànwọ́ ìjọba fáwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìlera, tún ń fún àwọn tó wà nírú ipò yẹn ní £5,000 lọ́dún tí wọn ò ní dá padà, tó o bá ní ọmọ tí kò tíì pé 15 wọ́n á fi £2,000 kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wá láti ilé tààrà, owó tiyín pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì, ẹ ò ní rí ìrànlọ́wọ́ yẹn gbà, àti pé láti January 2024 ẹni tó bá wá fún irú másítáàsì yìí ò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má wá, àmọ́ mi ò ní tan yín. Ẹ lè kà á nílé, OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ OT, Federal School of Occupational Therapy wà l'Óṣòdì, ẹni tó bá sì ti jẹ́ OT nílé, ọ̀dọ̀ HCPC ló máa kọ̀wé sí tààrà, kò nílò láti tún ọdún méjì kà. Bàbá tó wà l'Ábẹ́òkúta, tó wà ní Ìlọrin, tó wà l'Óṣogbo tí wọn ò lè so ṣòkòtò wọn, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó wà ní Manchester lọ.

Ohun tó kù fún mi báyìí ni DBS (ìwádìí bóyá èèyàn ti dáràn rí), ìwádìí ìlera, àti abẹ́rẹ́ hepatitis B tí mo ti gba ọ̀kan nínú ẹ̀.

Mo pe bàbá mi lórí fídíò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí, wọ́n wá bi mí ohun tí mo sọ fún wọn ní íńtáfíù, mo bá sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní "o sọ ọ̀rọ̀ okùn ṣòkòtò mi fún òyìnbó?" mo ní ẹ má bínú sà. Wọ́n ní rárá, àwọn ò bínú. Wọ́n ní "ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ rò pé mi ò mọ̀ pé okùn yẹn kì í ṣe òótọ́, mo ṣáà mọ̀. Tó o bá ti débẹ̀, bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan so ó."

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn OT ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn láti fi ọwọ́ kan so okùn bàtà, wọ́n á ta kókó sí etí kan kó má lè yọ, ẹyọ etí kan tó kù lọwọ́ á máa bá ṣiṣẹ́. Mo ti mú ṣòkòtò ọkọ mi kan sọ́dọ̀ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń fi ọwọ́ òsì nìkan gbìyànjú ẹ̀, mo gbé ọ̀tún sẹ́yìn. Ó ṣì ń tú tí mo bá ti dìde.